Ẹ má fi owó òjò kọ́ géètì: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin Bàbá Alága, Ìyá Akápò, Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má ṣe bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní kí n jókòó, pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo wá sílé Bàbá Alága, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò tíì parí lójú tèmi, nítorí owó gbogbo wa ni, ẹ̀mí gbogbo wa ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó òjò ni. Lẹ́yìn ọ̀gbàrá ọdún 2018, gbogbo wa fẹnu kò pé ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá nǹkan lóṣooṣù, kí a lè fi ra oúnjẹ, omi, oògùn àti irinṣẹ́ tí a ó tọ́jú de ọjọ́ tí omi bá tún ya wọlé. Àwọn opó dá a. Àwọn ayálégbé tí wọn kò ní òkúta kan níbí dá a pẹ̀lú. Títí di òní, ẹgbẹ́ kò ra kóńgò gaàrí kan. Nípàdé tó kọjá, ẹ kéde pé owó náà ni ẹ ó fi ṣe géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù sì wà fún ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́. Ìdí mẹ́rin lẹ sọ: pé ìjọba yóò ràn wá lọ́wọ́, pé oúnjẹ yóò bàjẹ́, pé wọn yóò jí i, àti pé kò yẹ ká máa fi ẹnu ara wa pe ibi.

Kí n tó dáhùn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Gaàrí àti èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Láfẹnwá. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oníbàárà ni mò ń wá, mo sọ ọ́ níbí pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra ẹyọ kóńgò kan lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ Kútọ̀, ẹ lọ Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, ẹ rà á níbi tó bá wù yín.

1. Ewu tí à ń sọ kì í ṣe àlá.

Omi méjì ló ń dà wá láàmú, wọn kò sì jọ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni àgbàrá òjò. Ìlú wa kún fún òkè àti àpáta. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kò ríbi wọlẹ̀, ńṣe ló ń sáré wá sísàlẹ̀, sínú odò Sokori àti àwọn odò kéékèèké tí a ti kọ́lé dí mọ́, tí a sì ti da ìdọ̀tí kún. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2018. Òjò ọjọ́ yẹn pa ènìyàn ní Abẹ́òkúta yìí, ó gbé mọ́tò, ó wó ògiri, kò sì fún ọ̀pọ̀ láyè láti mú ju ọmọ wọn lọ jáde.

Èkejì ni odò Ògùn fúnra rẹ̀. Odò Ọ̀yán ń wọ inú rẹ̀ lókè ìlú wa, orí Ọ̀yán yìí sì ni dáàmù tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983 wà. Dáàmù ọ̀hún lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Tí òjò bá pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, dandan ni kí àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn omi, torí tí wọn kò bá ṣí i, dáàmù lè ya. Ẹ rántí Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya, tí omi sì bo apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Omi dáàmù máa ń fún ènìyàn ní ìkìlọ̀ díẹ̀. Àgbàrá kì í kìlọ̀. Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, òjò òru kan ṣoṣo ló pa ènìyàn tó ju 150 lọ. Ní ọdún 2022, àkúnya omi pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn.

Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀, tí NIHSA, àjọ tó ń wo omi odò, náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya omi jáde. Rédíò ń kà á fún wa lédè Yorùbá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

2. Ìjọba yóò wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

N kò bá ìjọba jà nínú lẹ́tà yìí. Àjọ NEMA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ti wà láti ọdún 1999, ìpínlẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ìrànwọ́ ṣe ń rìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá wo ibi tó bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, kí ẹnì kan ní Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, tó buwọ́ lù ú, kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí omi bá sì wà lójú títì, ọkọ̀ kò lè kọjá. Gbogbo ibi tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ fa aládùúgbò jáde, aládùúgbò náà ló ń kọ́kọ́ fún un lómi mu. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọrùn wa ló wà.

Ọdún 2020 kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, wọ́n sún ti ìpínlẹ̀ wa sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin kí ètò oúnjẹ lè wà nílẹ̀. Mo wà nídìí ọjà mi láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn tó ní mọ́tò dé, wọ́n ra àpò àpò. Ká tó jí lọ́jọ́ kejì, owó gaàrí ti gbéra. Àwọn tó ń ra ìdajì kóńgò lójoojúmọ́, àwọn alágbàṣe, àwọn tó ń jẹun láti ara ohun tí wọ́n bá rí lóòjọ́, àwọn ni iye tuntun náà já lé lórí. Ibí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ìmúrasílẹ̀ àti ìkórajọ onímọtara-ẹni-nìkan. Ẹni tó bá ra díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọjà kún kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sáré kó o lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú dé, ti aládùúgbò rẹ̀ ló ń gbà. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe é láìṣẹ̀, òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ ní oúnjẹ yóò bàjẹ́.

Ẹ fún mi láyè níbí, torí iṣẹ́ mi ni.

Oúnjẹ gbígbẹ kì í ṣàdédé bàjẹ́. Omi, atẹ́gùn, kòkòrò àti eku ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn mẹ́rin yìí, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká yan oúnjẹ tó tọ́. Nínú àkọsílẹ̀ ohun rírà tí Akọ̀wé kà fún wa nígbà kan, àpò ìrẹsì ló pọ̀ jù. Mo ta kò ó nígbà yẹn, mo ṣì ta kò ó. Ìrẹsì ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ omi púpọ̀, ó ń fẹ́ ìkòkò. Lọ́jọ́ tí omi bá wọlé, sílíńdà gáàsì lè ti bá omi lọ, igi ìdáná á ti rin gbingbin, èédú á ti di ẹrẹ̀. Ẹ̀wà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè wà lórí iná fún wákàtí kan sí méjì. Oúnjẹ ọjọ́ kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè jẹ láìdáná: gaàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, ṣúgà, mílíìkì alágolo, bísíkíìtì, ẹja gbígbẹ. Láfún, ìrẹsì àti ẹ̀wà lè tẹ̀lé e nígbà tí a bá ti ríbi gbígbẹ dáná sí.

Ẹni tó bá fẹ́ gaàrí tí yóò pẹ́, kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kó tú ọwọ́ sílẹ̀. Bó bá dì pọ̀, omi ṣì wà lára rẹ̀, yóò bu láìpẹ́. Bó bá tú ká, tó sì ń dún ṣaṣa bí ẹ ṣe ń dà á sínú abọ́, òun ni kí ẹ rà. Kódà èyí tó gbẹ náà, ẹ tún un yan díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, torí ooru tó bá kù nínú rẹ̀ ni yóò di omi lábẹ́ ìdérí. Gaàrí tí a bá tọ́jú báyìí yóò lo oṣù mẹ́fà láìyí padà. Láfún ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n sá lórí àpáta nígbà ẹ̀rùn ni kí ẹ wá. Ẹ má gba èyí tí wọ́n sá láàárín òjò, tó ti ní àmì dúdú dúdú lára, bó ti wù kó dín owó tó. Májèlé tí èébu ń fi sára rẹ̀ kì í tán lórí iná bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò.

Ti ẹ̀wà ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí ó ń pa ènìyàn. Àwọn kan ṣì ń fi apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, torí ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lójú pópó, tí wọ́n sì ń lò ó sórí oúnjẹ. Kòkòrò ẹ̀wà kò nílò májèlé. Ẹ gba atẹ́gùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì oníke tó mọ́ títí yóò fi kún dé ẹnu, ẹ gbọ̀n ọ́n kó jókòó, ẹ tún dà sí i, ẹ wá dé e pa. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí atẹ́gùn tó kù tán, yóò sì kú. Àpò onípele mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe fún ẹ̀wà, ọgbọ́n kan náà ló ń lò: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde. Bí ẹ bá rí i rà, ó dáa. Bí ẹ kò bá rí i, kẹ́ẹ̀gì tó.

Mo mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì dára ju àpò lọ nítorí ohun tí mo fojú rí ní 2018. Obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa gbé àpò ìrẹsì lé orí àga. Omi bo àga. Nígbà tí a wọlé lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì ti wú, ó ti fa àpò ya, ó sì ti ń rùn. Kẹ́ẹ̀gì gaàrí rẹ̀ tí kò kún, àmọ́ tó ti dé pa, omi ti gbé e léfòó lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ẹrẹ̀ bò ó lára. A fọ ìdérí rẹ̀, a ṣí i, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Gaàrí yẹn ni àwọn ọmọ ilé náà mu lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí oúnjẹ ló kù, ó sì rọrùn. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí a rà á sára kẹ́ẹ̀gì. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ra èyí tó ti pẹ́ ní iye tí ẹgbẹ́ rà á, kí wọ́n gbé e lọ jẹ nílé, kí Akápò sì fi owó náà ra tuntun. Tí owó ọjà bá ti gòkè nígbà náà, àfikún díẹ̀ láti inú owó òjò yóò tó o. Oúnjẹ tí à ń jẹ, tí à ń fi tuntun rọ́pò, kì í rí àyè bàjẹ́.

4. Omi mímu, tí àkọsílẹ̀ yín kò dárúkọ rárá.

Èyí ló dùn mí jù. Ẹ kọ ìrẹsì, ẹ kọ aṣọ ìbora, ẹ kò kọ omi. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí omi bá yí ilé ká ni omi mímu máa ń wọ́n. Ṣáláńgá á kún, á sì dà sínú kànga. Ẹ̀rọ bọ́ọ̀hóòlù kò ní rí iná lò. Onígbáméjì kì í sì í pẹ́ tẹ̀lé irú omi bẹ́ẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀ tí kò bá rí ìtọ́jú.

Lítà omi mẹ́rin lójúmọ́ ni kí ẹ ka sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún mímu àti oúnjẹ. Ilé tó bá ní ènìyàn mẹ́fà, fún ọjọ́ mẹ́ta, lítà 72 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta ti tó o, ó sì tún lé díẹ̀. Ilé wo ni kò ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta? Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n pọn omi tó mọ́ sí i, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e kúrò lójú oòrùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ra bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì rí kò dára fún èyí, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Omi tí kò bá dá wa lójú, kó hó dáadáa lórí iná fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Kí ẹgbẹ́ tún ra àpò oògùn omi iyọ̀ fún ìgbẹ́ gbuuru, àti sínkì fún àwọn ọmọdé. Kí gbogbo ìyá sì mọ èyí tí a ń pò nílé lórí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí iyọ̀ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ bẹntiróòlù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ilé. Látìgbà tí epo ti ń wọ́n ni àwọn kan ti ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun ìpamọ́ inú ilé. Iná rẹ̀ yóò pa wá kí omi tó dé. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò. Èéfín rẹ̀ tí a kò rí ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé lójú oorun.

5. Ẹ ní wọn yóò jí i.

Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ní Mazamaza ní Èkó, ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí wọlé, wọ́n kó ìrẹsì, nódùùsì àti ṣúgà tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni fi tọrẹ lásìkò Kòrónà. Ohun tó bí wọn nínú ni pé oúnjẹ wà níbì kan nígbà tí ebi ń pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn iye tó wà níbẹ̀ tàbí ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Tí àwa náà bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú yàrá kan, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí àdúgbò kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ìjà la tọ́jú síbẹ̀.

Ẹ pín in. Ẹ wá ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún lókè àdúgbò, àwọn tí omi kò dé ní 2018, kí onílé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú pé òun gba kẹ́ẹ̀gì báyìí báyìí. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ mọ́ ògiri níta: iye gaàrí, iye omi, oògùn tó wà, ọjọ́ tí a rà wọ́n, ilé tí wọ́n wà. Kí ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ máa lọ kà á lóṣooṣù, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayálégbé, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ iye rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń ṣọ́ ọ.

Ẹ má sì gbé e sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́. Gbọ̀ngán wà nísàlẹ̀. Ẹ kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, àmọ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá Akọ̀wé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà kò dé ibẹ̀. Ilà ẹrẹ̀ 2018 ṣì wà níbẹ̀, ó ga ju orí tábìlì lọ.

Pípín rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ló kú ní Ìbàdàn níbi ayẹyẹ tí wọ́n pè wọ́n sí láti gba ẹ̀bùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i, ènìyàn tún tẹ ara wọn pa ní Okija àti ní Àbújá níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn, èrò ló pọ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Nítorí náà, àwa kò gbọdọ̀ pe ènìyàn jọ gba oúnjẹ lójú kan láé. Ilé ni kí á gbé e lọ bá wọn. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó ń dá gbé, aboyún, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ àti àwọn tí ara wọn kò le. Ká ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú, torí lọ́jọ́ náà, ojú yóò ti dàrú.

6. Ẹ ní a kì í fi ẹnu wa pe ibi.

Bàbá tó sọ ọ́ nípàdé jẹ́ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Wọ́n ti sin ẹni tó kéré sí wọn nítorí omi yìí, mo sì mọ̀ pé wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Jósẹ́fù, tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní Yúsúfù, kò fi ẹnu rẹ̀ pe ìyàn sórí Íjíbítì. Ó túmọ̀ àlá ọba, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú ọkà fún ọdún méje. Bí Kùránì ṣe sọ ọ́, ó tilẹ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀: kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Àgbẹ̀ tó bá so àgbàdo pẹ̀lú háhá rẹ̀ sókè àjà mọ ìdí rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń bọ Ifá náà kò jókòó lásán, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Kò sí ẹ̀sìn kankan nínú àdúgbò wa tó ní ká má múra.

7. Ẹni tí kò rí ti òní jẹ ńkọ́?

Ẹ̀yin kọ́ lẹ béèrè èyí. Àwọn oníbàárà mi ló ń béèrè rẹ̀, òun ló sì wúwo jù lójú mi. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń ra kóńgò mẹ́ta ń ra ẹyọ kan, ẹni tó ń ra ẹyọ kan ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. A kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ tọ́jú oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà kan tí a ti mọ̀ tipẹ́. Káàkiri ọjà Abẹ́òkúta, obìnrin ń dá àjọ oúnjẹ ọdún. Láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń san díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá di oṣù Kejìlá, wọ́n á gba ìrẹsì, òróró, tòmátò alágolo, nígbà mìíràn adìẹ pàápàá. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìpè ibi. Kí ẹgbẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò: ká bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, ká gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, kó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì gaàrí kékeré kan, ẹ̀pà, ṣúgà, tọ́ọ̀ṣì, bátìrì àti àpò ọ̀rá tó nípọn fún ìwé ilé, ìwé ọmọ àti káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó máa ní ti ọ̀sẹ̀ kan lélẹ̀. Ilé tí kò bá lágbára àjọ yìí rárá, owó òjò ni kí á fi dá tiwọn. Ìdí tí a fi dá owó náà gan-an nìyẹn.

8. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ dá owó géètì dúró kí wélídà tó gba àsansílẹ̀. Ẹ ka ìṣirò owó òjò sétí gbogbo ilé nípàdé tó ń bọ̀: iye tó wọlé láti ọdún 2018, iye tó jáde, iye tó kù ní báńkì. Mo mọ Ìyá Akápò sí olóòótọ́, ìwé yẹn ni yóò gbè wọ́n.

Ẹ yan ẹni márùn-ún tí yóò ra ohun ọdún yìí kí oṣù Kẹfà tó parí. Oṣù Keje ni àgbàrá 2018 dé, a kò ní àyè púpọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi àti oògùn, kí gaàrí tẹ̀ lé e. Kí wọ́n ra okùn gígùn méjì, fèrè tí a ó fi máa pe ara wa, rédíò oníbátìrì kan, àti bàtà òjò fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa wọnú omi. Kí ẹni tó ń gbé òkè jùlọ nínú wa gbà kí ilé òun jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ sá lọ. Mo ti bá onílé méjì sọ ọ́, àwọn méjèèjì gbà.

Tí ẹ bá gbọ́ gbogbo èyí tí ẹ ṣì rò pé géètì ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ ká dìbò sí i. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, kí ayálégbé náà sì dìbò, torí owó wọn wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni èmi náà yóò tẹ̀ lé.

Mo ti kọ iye ọjà lóríṣiríṣi sínú ìwé kan, bí wọ́n ṣe ń tà á ní Kútọ̀ àti ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Màá mú un dání wá sípàdé, màá sì fi í lé Akọ̀wé lọ́wọ́ kó tó di pé wọ́n ní kí n jókòó.

Èmi ni, ọmọ yín,
oníṣòwò gaàrí àti èlùbọ́, ọjà Láfẹnwá, Abẹ́òkúta